Zulu Sofola: Ìkúnlẹ̀ Clara àti Àga Omu

Ìkúnlẹ̀ kan wà nínú iṣẹ́ Zulu Sofola tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò tíì dárí rẹ̀ jì í títí dòní. Inú eré The Sweet Trap ló wà, èyí tó jáde ní Ìbàdàn lọ́dún 1977. Clara Sotubo, ìyàwó olùkọ́ yunifásítì, fẹ́ ṣe àpèjẹ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Fẹ́mi ọkọ rẹ̀ ní kò sóhun tó jọ ọ́. Àsìkò ọdún Òkè'Bàdàn ni, nígbà tí orin ẹ̀fẹ̀ ń ròkè nígboro, tí wọ́n ń fi obìnrin ṣe ẹlẹ́yà láìsí ẹni tí yóò mú wọn. Clara kọ etí ikún sí ọkọ, ó gbé àpèjẹ lọ sílé ọ̀rẹ́, àpèjẹ sì dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Kí eré tó parí, Clara ti wà lórí eékún níwájú Fẹ́mi, ó ń tọrọ àforíjì.

Láti ìgbà náà ni ẹjọ́ ti wà nílẹ̀. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ nínú àwọn obìnrin Nàìjíríà tó tẹ eré oníṣe jáde, tí wọ́n tún ń pè ní obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n tíátà nílẹ̀ Áfíríkà, ṣé ẹ̀yìn obìnrin ló wà ni àbí ẹ̀yìn ọkùnrin? Àwọn lámèyítọ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin ní ńṣe ló fa pàṣán lé ọkọ lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ní rárá, ọmọ àṣà ni, ohun tó bá nílé ló kọ. Lójú tèmi, ìparí eré kan tàbí méjì ni tọ̀tún tòsì ń kà, wọ́n sì fi odidi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí a bá to ìwé rẹ̀ láti The Disturbed Peace of Christmas ti 1971 títí dé Queen Omu-Ako of Oligbo ti 1989, a ó rí i pé ìbéèrè kan ni obìnrin yìí ń bi wá láìsinmi: àga àṣẹ tí obìnrin ń jókòó lé tẹ́lẹ̀, ta ló gbé e kúrò? Ìbéèrè ńlá ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn tán, n ó sì dé ibẹ̀.

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà ọdún 1935 ni wọ́n bí i ní Issele-Uku, ní ilẹ̀ Aniocha, lára àwọn ìlú Igbo tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Odò Ọya. Nwazuluwa Onuekwuke ni wọ́n sọ ọ́. Zulu tí ayé mọ̀ ọ́n sí, àárín orúkọ yẹn ló ti wá. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Asaba àti Agbor ló tọ́ ọ. Ó sọdá sí Amẹ́ríkà, ó gboyè nínú ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Virginia Union University ní Richmond lọ́dún 1959, ó sì gboyè kejì nínú eré oníṣe ní yunifásítì àwọn Kátólíìkì ní Washington lọ́dún 1965. Ọkọ tó fẹ́, J. A. Sofola, ọmọ Yorùbá ni, onímọ̀ nípa àwùjọ. Òun ló kọ African Culture and the African Personality lọ́dún 1973. Ẹni tó bá ka ìwé ọkọ tó sì ka eré ìyàwó yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àṣà kì í sùn nínú ilé wọn.

Ọdún 1966 ni ó padà wálé. Ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ibẹ̀ ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1977. Lẹ́yìn náà ni Ìlọrin. Yunifásítì Ìlọrin kò tíì dàgbà nígbà yẹn: 1975 ni wọ́n dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ti Ìbàdàn, 1977 ló dá dúró. Ibẹ̀ ni Sofola ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, ibẹ̀ ló ti ṣe olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Performing Arts, tó ń kọ́ni, tó ń kọ̀wé, tó ń darí eré. Àwọn ìwé tó fi ọgbọ́n àgbà kọ, ìgbà Ìlọrin ni ọ̀pọ̀ wọn jáde. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1995 ló kú, lẹ́ni ọgọ́ta ọdún.

Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ìdí tó fi jẹ́ pé nígbà tí obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, ìtàn àròsọ ni púpọ̀ nínú wọn gbá mú. Flora Nwapa tẹ Efuru jáde lọ́dún 1966. Buchi Emecheta tẹ̀ lé e, ẹni tó dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1962, tó ń dá tọ́ ọmọ márùn-ún, tó ń kọ̀wé kí àwọn ọmọ tó jí. Ọkọ rẹ̀ dáná sun ìwé tó kọ́kọ́ fọwọ́ kọ. Ó jókòó, ó tún un kọ, òun ló di The Bride Price lọ́dún 1976. Obìnrin lè kọ ìtàn àròsọ nínú yàrá kan ṣoṣo, bí gbogbo ayé tilẹ̀ kẹ̀yìn sí i. Eré oníṣe kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń fẹ́ gbọ̀ngàn, ó ń fẹ́ iná, ó ń fẹ́ èèyàn ogún tí yóò gbọ́ràn sí olùdarí lẹ́nu láti ìrọ̀lẹ́ dòru, ó sì ń fẹ́ ẹni tí yóò sanwó. Ní Gánà, Efua Sutherland ní láti dá ilé tíátà sílẹ̀ ní Accra, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1961, kí iṣẹ́ rẹ̀ lè rí ibi jókòó sí. Ama Ata Aidoo, ẹni tó kọ The Dilemma of a Ghost nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, padà yà sí ìtàn àròsọ. Sofola ní tirẹ̀ kò yà. Eré ló bẹ̀rẹ̀, eré náà ló bá kú. Àtirí ọmọ ogun iṣẹ́ yìí kó jọ nínú yunifásítì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ilé, mo gbà pé iṣẹ́ ńlá ni, bí kò bá tilẹ̀ kọ ìwé kankan.

Àmọ́ ó kọ ọ́. Wedlock of the Gods ti 1972 ni wọ́n mọ̀ jù. Àrùn ń ṣe ọmọkùnrin inú ilé, kò sí owó ìtọ́jú, ni àwọn òbí bá fi Ogwoma fọ́kọ tí kò fẹ́, wọ́n gba owó orí rẹ̀, wọ́n fi wo arákùnrin rẹ̀ sàn. Adibe tí wọ́n fún un kú. Àṣà ní kí ó ṣe opó fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì ṣú u lópó fún àbúrò ọkọ. Kí opó tó pé, Ogwoma ti lóyún fún Uloko tó ti fẹ́ràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Odibei, ìyá Adibe, gbà pé ìyàwó ló pa ọmọ òun; ó fi oògùn pè é jáde, ó fi májèlé sínú omi. Ogwoma mu ún, ó kú. Uloko ṣá ìyá náà pa, òun náà mu nínú májèlé.

Ilẹ̀ kan náà ni Emecheta àti Sofola ti wá. Ìbúsà, ìlú àwọn òbí Emecheta, àti Issele-Uku kò jìnnà síra wọn. Nígbà tí Emecheta wá kọ nípa owó orí àti opó ṣíṣú lọ́dún mẹ́rin lẹ́yìn Wedlock, ọ̀dọ́mọbìnrin tirẹ̀ náà kú. Ṣùgbọ́n wo ìyàtọ̀. Inú Emecheta ń ru, kò sì fi pamọ́. Ó fẹ́ kí a bá àwọn àgbà wí. Sofola kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó jẹ́ kí ìyá Ogwoma sọ tẹnu rẹ̀, ó jẹ́ kí Odibei tí ọmọ rẹ̀ kú sunkún, ó sì jẹ́ kí Ogwoma béèrè ohun tó ṣe tí wọ́n fi tà á bí ẹran. Gbogbo wọn ló jàre. Ìdí nìyí tí eré náà fi ń dun èèyàn dọ́kàn lórí ìtàgé títí dòní. Bí Odibei bá wà lọ́wọ́ òṣèré tó mọṣẹ́, àwọn òǹwòran kì í mọ ẹni tí wọn yóò ṣépè fún.

Ohun tí mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn nínú eré yìí ni pé obìnrin ló pọ̀ nínú àwọn tó ni Ogwoma lára. Ìyá tó bí i, ìyá tó bí ọkọ rẹ̀: àwọn ni ọlọ́pàá àṣà. Ọ̀rọ̀ yìí yóò padà wá.

King Emene ti 1974 ló kọ́kọ́ gbé àga tí mo ń wí jáde. Nínú àwọn ìlú Igbo tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Odò Ọya, Omu kì í ṣe ìyàwó ọba, kì í sì í ṣe ìyá ọba. Obìnrin ni, ó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, òun ló ń ṣàkóso ọjà àti ọ̀rọ̀ obìnrin, òun ló ń rí sí ètùtù tí ìlú kò gbọdọ̀ ṣàì ṣe. Kamene Okonjo, onímọ̀ àwùjọ láti Ogwashi-Uku, ti ṣàlàyé ètò yìí yékéyéké lọ́dún 1976: ìjọba ọkùnrin lápá kan, ti obìnrin lápá kejì, tí ọ̀kan kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ èkejì. Ọdún méjì ṣáájú ni Sofola ti gbé e sórí ìtàgé. Emene fẹ́ wọ ọ̀sẹ̀ àlàáfíà gẹ́gẹ́ bí ọba. Omu ní ó ti o, ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀ láàfin, kí wọ́n kọ́kọ́ wẹ ìlú mọ́. Inú bí ọba, ó rò pé wọ́n fẹ́ gba adé lórí òun ni, ó lé Omu kúrò nípò. Ìyá ọba gan-an ló pa ẹni tí oyè tọ́ sí kí ọmọ tirẹ̀ lè jọba. Nígbà tí àṣírí tú, Emene ṣubú.

Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ kò lópin sórí ìpànìyàn ìyá. Ọba tó yọ obìnrin lórí àga tí kì í ṣe òun ló gbé e kalẹ̀ fún un, òun ni eré yìí ń bá wí. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé Sofola kò gbèjà obìnrin, ibí ni kí ó kọ́kọ́ wá kà.

Queen Omu-Ako of Oligbo tún gbé Omu wá, lọ́tẹ̀ yìí sínú ogun abẹ́lé. Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Asaba ní oṣù kẹwàá ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ kó ọkùnrin àti ọmọdékùnrin jọ tí wọ́n sì pa wọ́n ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, yóò mọ̀ pé ìlú òǹkọ̀wé yìí wà lójú ọ̀nà ogun. Ọmọ ogun ti Biafra níhìn-ín, ti Nàìjíríà lọ́hùn-ún, Omu àti ìgbìmọ̀ obìnrin rẹ̀ ló di ìlú mú láàárín. Kò sí ìkúnlẹ̀ kankan nínú eré yìí.

Àwọn ìwé rẹ̀ kò dọ́gba, mo sì ní láti wí i. Old Wines Are Tasty ti 1981 sọ nípa ọ̀mọ̀wé tó padà wálé láti wá ìbò láàárín àwọn tí kò mọ ìṣe wọn mọ́. Àwọn àgbà inú rẹ̀ ń jàre jù, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jù, ẹni tó bá ti ka King Emene ti mọ ibi tí yóò parí sí. Song of a Maiden, tó dá lé yunifásítì àti abúlé tí kò gbọ́ ara wọn yé, ní èrò tó jinlẹ̀ ju ìṣe rẹ̀ lọ. Ibi tí inú mi ti ń dùn ni The Wizard of Law ti 1975. Eré ẹ̀fẹ̀ àtijọ́ kan ti ilẹ̀ Faransé, ti lọ́yà oníjìbìtì Pathelin, ló mú tó sọ di tiwa: lọ́yà di Ramoni, ìyàwó rẹ̀ di Sikira, aṣọ tí wọn kò fẹ́ san owó rẹ̀ sì di aṣọ tí a mọ̀. Kò sí ará Ìlọrin tí kò mọ Ramoni kan. Ó dùn mí pé irú ẹ̀rín yìí kò pọ̀ nínú àwọn ìwé tó kù.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Clara. Nínú àròkọ rẹ̀ lórí ipò obìnrin Áfíríkà, tí ó jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀ nínú ìwé tí Obioma Nnaemeka ṣe olóòtú rẹ̀ lọ́dún 1998, Sofola sọ ọ́ gbangba pé àwọn àjèjì tó wá jọba lé wa lórí ló wó ètò àṣẹ obìnrin, àti pé obìnrin tó kàwé ni ọ̀ràn náà dé bá jù, nítorí ilé ẹ̀kọ́ tó fún un ní ìwé ẹ̀rí ni ó kọ́ ọ pé ìyá rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Gbé ọ̀rọ̀ yìí ka orí The Sweet Trap. Clara ní oyè, ó ní bàtà, ó ní ọ̀rẹ́. Kò ní ìgbìmọ̀. Nígbà tí òun àti ọkọ gbé e kaná, kò sí ìyálé, kò sí ẹgbẹ́, kò sí ìyálọ́jà tí yóò gbé ẹjọ́ lọ bá. Ìyá tí kò kàwé lábúlé, bí ọkọ bá fìyà jẹ ẹ́ kọjá ààlà, àwọn obìnrin ilé lè pa iná àdìrò lọ́jọ́ kan. Clara dá wà nínú ilé tí yunifásítì kọ́. Mo gbà pé ohun tí Sofola ń fi hàn wá nìyẹn, àdánìkanwà rẹ̀, kì í ṣe àìgbọ́ràn rẹ̀.

Àwa Yorùbá tún ní láti ṣọ́ra lórí ìkúnlẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin ń kúnlẹ̀ kí ọkọ láàárọ̀, kò sì tẹ́. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni a fi ń búra. Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ ìkíni yàtọ̀ sí ìkúnlẹ̀ ẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn ìtìjú, òǹkọ̀wé náà mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá ń fi ti àkọ́kọ́ dáàbò bo èkejì kò ṣe òótọ́. Ohun tí mo ka sí àṣìṣe nínú eré yẹn ni pé Fẹ́mi kò kọ́ nǹkan kan. Ó bọ́ sínú eré pẹ̀lú àgídí, ó jáde pẹ̀lú àgídí, ó sì jàre. Bí ilé yunifásítì bá ti sọ obìnrin di aláìníbùjókòó, ó ti sọ ọkùnrin náà di ọba kékeré tí kò ní ìgbìmọ̀ tí yóò bá a wí. Emene ni Fẹ́mi, kò kàn ní adé. Òǹkọ̀wé tó jẹ́ kí Emene ṣubú kò yẹ kí ó jẹ́ kí Fẹ́mi lọ báyẹn.

Ibi tí ìdáhùn rẹ̀ kò ti tẹ́ mi lọ́rùn tán nìyí, Ogwoma sì tún jẹ́rìí sí i. Tí a bá gba pé àga obìnrin tí wọ́n wó ni ìṣòro, kí la fẹ́ sọ fún ọmọbìnrin tí wọ́n fi owó orí rẹ̀ ra ẹ̀mí arákùnrin rẹ̀, nígbà tí àga ṣì dúró digbí? Ìyá rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló pa á. Sofola rí i kó tó di pé ẹnikẹ́ni bá a jiyàn. 1972 ni eré náà ti jáde. Nínú àwọn àròkọ tó kọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bíi pé kò kọ ọ́ rí. Eré rẹ̀ gbọ́n ju àlàyé rẹ̀ lọ, èyí kì í sì í ṣe èébú fún òǹkọ̀wé.

Ìṣòro náà kò sì jìnnà sílé wa. Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ Ẹfúnṣetán Aníwúrà jáde lọ́dún 1970, eré lórí Ìyálóde Ìbàdàn tó kú lọ́dún 1874. Nínú eré yẹn, obìnrin tó ní àṣẹ ni ìkà tí gbogbo ìlú ní láti dìde sí, ọ̀pọ̀ wa ló sì mọ Ìyálóde yìí lójú Ìṣọ̀lá nìkan. Ọdún mẹ́rin péré ló wà láàárín Ẹfúnṣetán àti King Emene. Èdè Yorùbá ni ọ̀kan, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èkejì. Ọkùnrin ló kọ ọ̀kan, obìnrin ló kọ èkejì. Nínú ọ̀kan ìlú là nítorí pé obìnrin ṣubú lórí àga, nínú èkejì ìlú dàrú nítorí pé wọ́n lé e lórí rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé a kì í kà wọ́n pa pọ̀. Ìlú Ìlọrin, tí ó ní Ìyálọ́jà lọ́jà, tí ó ní Ìyá Àdínì ní mọ́ṣáláṣí, tí obìnrin ń mọ ìkòkò ní Òkèlélé àti Dada láti ìran dé ìran, ó yẹ kí ó mọ ohun tí Sofola ń wí láìjẹ́ pé wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì kú pẹ̀lú rẹ̀ ní Ìlọrin. Stella Oyedepo, tó kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìlọrin, tó ṣe olórí àjọ àṣà ìpínlẹ̀ Kwara, tó sì di ọ̀gá àgbà National Theatre ní Èkó kí ìjàǹbá ọkọ̀ tó pa á ní oṣù kẹrin ọdún 2019, gba ìjà náà láti ọ̀nà mìíràn. Nínú Brain Has No Gender, ọmọbìnrin fẹ́ kàwé, bàbá fẹ́ fi fọ́kọ. Nínú The Rebellion of the Bumpy-Chested, àwọn obìnrin kóra jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́, wọ́n kọjú ìjà sí ọkọ. Ohun tí Clara kò ní ni Oyedepo fún wọn: ẹgbẹ́. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín tí Sofola kì í sábà lò, ó sì jẹ́ kí a rí i pé ẹgbẹ́ tí a dá nítorí ìbínú nìkan kì í pẹ́ tú. Obìnrin méjì, ìlú kan, ìbéèrè kan.

Yunifásítì Ìlọrin ló lè ṣe ohun tí n ó béèrè yìí, ó ní òṣèré, ó ní ìtàgé. Kí wọ́n gbé King Emene sórí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, kí wọ́n gbé Ẹfúnṣetán Aníwúrà sórí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì, kí ọmọbìnrin kan náà sì ṣe Omu àti Ìyálóde. Kí wọ́n túmọ̀ King Emene sí Yorùbá kí ìyá tó ń tajà ní Ìpátá lè bá wọn jókòó wò ó. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta ni kí wọ́n ṣe The Sweet Trap, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn eré kí àwọn ìyá náà sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí Clara kúnlẹ̀, àti ohun tí wọn ì bá ti ṣe fún Fẹ́mi.